Ṣọ́ọ̀bù kọ́mú ọmọge ní Ọjà Ogbete: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má lọ ní Sátidé

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń gbé Enugu bíi tèmi, bí ọmọbìnrin yín bá ti ń yọ ọmú, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà láàárín àwọn aláṣọ ní Ogbete. Kọ́mú àti pátá ọmọge ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú páàdì díẹ̀.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún 11, ni mo mú lọ. Yúnífọ́ọ̀mù tí a rán ní sáà tó kọjá ti sá gòkè orúnkún rẹ̀, síngílẹ́ẹ̀tì méjì ló sì ń wọ̀ léra nínú ooru yìí kí wọ́n má baà wo àyà rẹ̀.

Màámá tó ni ṣọ́ọ̀bù kò béèrè sáìsì. Wọ́n fa téèpù yọ, wọ́n wọ̀n ọ́n láti orí aṣọ, wọ́n ń bá a sọ Igbo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ tí kì í dá mi lóhùn ti jẹ́wọ́ pé ọmú kan tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, ọ̀kan a máa ṣáájú. Mo fẹ́ ra mẹ́fà, wọ́n ní kí n mú méjì, pé àsìkò tó ń ga jù nìyí, kò ní pẹ́ tí wọn á fi kéré sí i. Ọlọ́jà wo ló ń lé owó sẹ́yìn báyẹn? Wọ́n tún ní kí páàdì máa wà nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Lóòótọ́, nǹkan oṣù sábà máa ń dé ní bí ọdún 2 sí 3 lẹ́yìn tí ọmú bá yọ.

(Ìyá ọkọ mi ní láyé ìyá tiwọn, yàrá mgbede, ìyẹn ibi tí àwọn Igbo ń sé ọmọge mọ́ kó tó lọ sílé ọkọ, ni wọ́n ń fi ọmọge sí, wọ́n á máa bọ́ ọ kó sanra, wọ́n á fi uli, aró dúdú tí wọ́n ń fi ṣe ọnà sára, ya ọnà sí i lára. Ẹ wo bí tiwa ṣe rọrùn tó.)

Ibi ìwọṣọwò ni kò dáa rárá: ìró kan tí wọ́n ta sí kọ̀rọ̀, àwọn alábàárù sì ń kọjá. Funfun àti píńkì nìkan ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ara ni kì í hàn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Páàdì wọn wọ́n ju ti kẹ́mísìtì lọ. Ìjọba ti yọ VAT kúrò lórí páàdì tí a ṣe ní Nàìjíríà láti 2020, mi ò rí i lára iye wọn. Kọ́mú kan, ₦2,500; ẹ ná an. Ẹ mú owó lọ́wọ́ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.