Gíráàmù kan Ru(bpy)₃Cl₂: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́ta

Ìgò náà ò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Gíráàmù kan péré ló wà nínú rẹ̀, hóró wínníwínní tó pọ́n bí epo tuntun. Iye tí mo rà á, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí màmá mi máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ.

Orúkọ kẹ́míkà náà ní kíkún ni tris(2,2′-bipyridine)ruthenium(II) chloride. Rú-bípì làwa ń pè é ní láàbù. Ruténíọ̀mù kan, tó jẹ́ irin, ló wà láàárín, mólíkù bipyridine mẹ́ta yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi náítrójìn méjì gbá a mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó tà á fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà. Nígbà tó dé, kò sí ìwé àyẹ̀wò ọjà nínú páálí, nọ́ńbà ara ìgò sì ti parẹ́. Ímeèlì mẹ́ta ni mo kọ kí wọ́n tó fèsì, èsì ọ̀hún ò sì ju "a ti gbọ́" lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọjà náà nìyẹn, kí n tó ṣí ìdérí pàápàá.

Ìfura yẹn ló kó bá mi. Mo wọn mílígíráàmù 4, mo pò ó mọ́ omi mílílítà 100, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tí omi bá gbé mì. Góńgó rẹ̀ bọ́ sí 452 nm (nánómítà, ohun tí a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) géẹ́, ibi tó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n 0.77 ni mo kà, nígbà tí ìṣirò mi ń retí 0.91. (14,600 ni mo lò fún agbára ìgbémì rẹ̀ níbẹ̀.) Inú bí mi. Mo ti ń kọ ímeèlì kẹrin, èébú ló kún inú ẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa yọjú wo ìwé mi.

"Àbúrò, omi mẹ́fà tó so mọ́ ọn ńkọ́? Ṣé o kà á?"

Mi ò kà á. 640.5, ìwọ̀n mólíkù rẹ̀ láìsí omi, ni mo fi pín, 748.6 ló yẹ kí n lò, nítorí bí hóró náà ṣe gbẹ lójú tó nì, mólíkù omi mẹ́fà wà lára rẹ̀. Mo tún un ṣe, ó di 0.78. Mo pa ímeèlì náà rẹ́.

Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì búlúù sí i nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọsàn tó ń lọ sí pupa ló máa dá padà, ní nǹkan bíi 610 sí 620 nm. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ti gbé ẹlẹ́kítírọ́nì kan kúrò lórí irin lọ sórí bipyridine, ibẹ̀ ló máa jókòó sí díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. "Díẹ̀" yẹn ò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá: nǹkan bí 600 nanosecond nínú omi tí a ti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Lójú tiwa, kò tó nǹkan. Fún ọ́síjìn, ó ti pọ̀ tó láti wá jí agbára náà lọ.

Nínú acetonitrile, nǹkan olómi kan tí a fi ń po kẹ́míkà, ló ti hàn jù. Mo fẹ́ náítrójìn sí i fún ogún ìṣẹ́jú láti lé ọ́síjìn jáde, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Rọ́bà tó ń gbé gáàsì wá ló ti là lábẹ́ tábìlì, níbi tí a máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì fò sókè ní ìlọ́po márùn-ún. Mo wá ṣí ìdérí, mo dé e padà, mo mi ìgò náà jìgìjìgì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí ẹ̀: ojú mi báyìí ló ṣe ń rẹlẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ní ìdí kankan.

Fún ìdánwò iná mànàmáná, ẹ má lo klóráìdì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Klóráìdì á ti yọ ẹlẹ́kítírọ́nì tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan ruténíọ̀mù, àwòrán yín á dàrú. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ da iyọ̀ kan tó ń jẹ́ ammonium hexafluorophosphate sí i, lójú ẹsẹ̀ ló máa dì, tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti yí padà náà, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi sanwó iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Nínú acetonitrile, tí a bá fi SCE (ọ̀pá ìfiwéra tí a fi ń wọn fólítì) ṣe òdo, ẹlẹ́kítírọ́nì kan ń kúrò lórí irin ní +1.29 V. Lódì kejì, mẹ́ta ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: −1.33, −1.52, −1.78 V. Bipyridine mẹ́ta, kálukú gba tirẹ̀. Tí ẹ bá rí òkè kan tó sanra ní nǹkan bí −0.9 V, ọ́síjìn yẹn náà ni.

Ẹ̀gbọ́n láàbù yẹn fún mi ní oríṣi mìíràn tó fi terpyridine méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní náítrójìn mẹ́ta, sè fúnra rẹ̀. Náítrójìn mẹ́fà náà ni, òun náà sì ń yọ ẹlẹ́kítírọ́nì sílẹ̀ ní nǹkan bí +1.30 V. Lórí ìwé, ìbejì ni wọ́n. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: òkùnkùn biribiri. Apá terpyridine ò yà tó láti gbá irin náà mú dáadáa, nítorí náà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣí sílẹ̀ tí agbára ń gbà sá jáde bí ooru, láàárín nǹkan bí 250 picosecond (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú nanosecond kan). Ẹ má fi fólítì nìkan yan ohun tí ẹ máa rà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ. Mo ti po rú-bípì mọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ tripropylamine nínú omi, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ iná láptọ́ọ̀pù ló sì wà lára rẹ̀. Bí fólítì ẹ̀rọ náà ṣe dé nǹkan bí +1.2 V, wáyà pílátínọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lábẹ́ omi, láìsí tọ́ọ̀ṣì. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí làwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ń kà láti mọ iye họ́mọ́ònù. Bàbá ọlọ́dẹ wọlé, wọ́n ní kí ni mò ń sun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Tanátaná lo dè mọ́ wáyà?"

Ìràwọ̀ márùn-ún fún ọjà, méjì fún ẹni tó tà á. Ó máa ń kun ọwọ́ àti aṣọ funfun, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ó ṣẹ́kù bíi mílígíráàmù 600. Mo ti fi fóìlì wé ìgò náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi díẹ̀ dánwò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó gbé rọ́bà gáàsì tirẹ̀ wá.