Kíláàsì Yorùbá Ọjọ́ Sátidé Kan ní Kubwa àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ Palẹ̀

Kíláàsì Yorùbá tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ní Kubwa, ní Àbújá, lówùúrọ̀ Sátidé tó ohun tí òbí ń náwó sí, pàápàá nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ wọn láti rí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a fi àfòmọ́, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí a ń so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣẹ̀dá.

Olùkọ́ wọn kì í ti orí Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hausa tí àwọn ọmọ ń gbọ́ ládùúgbò ló kọ́kọ́ ń kọ sójú pátákó: Bayarabe (Yorùbá kan), Yarabawa (àwọn Yorùbá), Bahaushe (Hausa kan), Hausawa (àwọn Hausa). Kíá ni wọ́n rí i pé “ba-” wà níwájú, “-e” sì wà lẹ́yìn, bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, pé “-awa” ló ń wà lẹ́yìn bí wọ́n bá pọ̀, àti pé orúkọ ẹ̀yà náà kò kúrò nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó sọ pé Yorùbá ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ní ti àárín, irú “kí” tó wà nínú “ilékílé”, ṣùgbọ́n pé kò ní ti ìparí.

Orí “oní” ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù. “Oníbàtà” àti “onílé” kò ṣòro; ṣùgbọ́n nínú “olówó”, “aláṣọ”, “elépo” àti “ẹlẹ́ran”, “n” ti di “l”, àwọn fáwẹ̀lì àfòmọ́ náà sì ti bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ dọ́gba, débi pé ọmọ tí a kò bá là á yé yóò rò pé àfòmọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Olùkọ́ náà fi “mai” ti Hausa, tó dúró fún “oní”, ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Kubwa tí kò mọ mai ruwa, ìyẹn olómi. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fúnra wọn fi tú “aláìníṣẹ́” sí oní, àì, ní àti iṣẹ́.

Ó tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gé gbogbo fáwẹ̀lì tó bá ṣíwájú. “Ìfẹ́” ṣeé tú sí “ì” àti “fẹ́”, ṣùgbọ́n “ilé” kò ṣeé tú sí “i” àti “lé”, nítorí pé lílé ènìyàn kò kan ibùgbé, bí ayálégbé Àbújá kan tilẹ̀ lè bá a jiyàn.

Àléébù tó wà níbẹ̀ ni ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ ń gbé wálé, èyí tí wọn kò fi àmì kankan sí. Ọmọ rí “ayo”, wọ́n ní kó tú u. Bí ó bá jẹ́ ayọ̀ ni, “a” àti “yọ̀” ni. Bí ó bá jẹ́ ayò ọlọ́pọ́n ni, kò ní ohun tí yóò tú. Àwáwí wọn ni pé kọ̀ǹpútà àwọn kò lè tẹ àmì. N kò gbà á, nítorí pé báírò lè fi í sí i kí wọ́n tó ṣe fọ́tòkọ́pì. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí òbí tó bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un ní ìwé àjákọ, kí ó máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ pẹ̀lú àmì rẹ̀.