C63 onílítà 6.2: ẹ́ńjìnnì ńlá tí òfin èéfín ń lé bọ̀ ní Ìbàdàn

Mọ́tò tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe tuntun. Mercedes-Benz C63 AMG ni, ìran tí wọ́n ń pè ní W204, tí wọ́n tà láti 2008 títí di nǹkan bí 2015. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà fún. M156 ni wọ́n ń pè é: V8 (síléńdà mẹ́jọ tó tò bíi lẹ́tà V), 6,208 cc, kò ní tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, kò sì ní bátìrì kankan tó ń bá a fa mọ́tò. Síléńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 102.2, písítìnì ibẹ̀ sì ń rin mílímítà 94.6 lọ sókè sódò. Ẹ má jẹ́ kí “6.3” tí wọ́n kọ sí i lára rú yín lójú, ẹ́ńjìnnì 300 SEL 6.3 àtijọ́ ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn rántí. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ṣe díẹ̀, wọ́n pè é ní M159, wọ́n gbé e sínú SLS, supercar, mọ́tò eré olówó gọbọi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí apá ẹyẹ. Ọmọ ìyá SLS ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì C63, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀tì rẹ̀ gba àpò ìrẹsì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ọmọ mẹ́ta.

Irú rẹ̀ ti tán nínú mọ́tò tó kéré báyìí, òfin ló sì fà á. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọn kì í wo mọ́tò kan ṣoṣo. Wọ́n á ṣírò carbon dioxide gbogbo mọ́tò tuntun tí ilé-iṣẹ́ kan tà lọ́dún, wọ́n á pín in dọ́gba. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá ìwọ̀n, yúrò 95 ni owó ìtanràn rẹ̀ lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà. Ẹ wá wo ìran C63 mẹ́ta. Èyí tí à ń sọ yìí, lẹ́yìn àtúnṣe 2011, ń jẹ epo lítà 12 ní kìlómítà 100 nínú ìdánwò wọn, ó sì ń tú gíráàmù 280 jáde ní kìlómítà kan. Èyí tó tẹ̀ lé e, V8 lítà 4.0 onítọ́bò méjì, ń jẹ 8.2, ó ń tú 192. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2022 jẹ́ onísíléńdà mẹ́rin péré, 1,991 cc, pẹ̀lú ẹ̀rọ iná lẹ́yìn: 6.9, gíráàmù 156. Agbára ń lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kéré sí i, láti ẹṣin 457 dé 680. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 tún sọ pé láti 2035 mọ́tò tuntun kò gbọdọ̀ tú carbon dioxide kankan jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìparí 2025 ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yúróòpù tún dábàá pé kí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe supercar gan-an wá ọ̀nà tiwọn. Ferrari gbé 12Cilindri jáde ní 2024, V12 lítà 6.5 tí kò ní tọ́bò, tó ń yí dé 9,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta 296 onísíléńdà mẹ́fà àti iná mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lamborghini di V12 mú, àmọ́ wọ́n so ẹ̀rọ iná mẹ́ta mọ́ ọn nínú Revuelto. V10 inú Huracán ni wọ́n fi sílẹ̀. V8 lítà 4.0 onítọ́bò méjì ló rọ́pò rẹ̀ nínú Temerario. Bugatti ló yà wá lẹ́nu jù: V16 lítà 8.3 tí kò ní tọ́bò ni wọ́n fi sí Tourbillon, 250 péré sì ni wọ́n fẹ́ ṣe. Òfin Yúróòpù yọ ilé-iṣẹ́ tí kò ta tó mọ́tò 1,000 lọ́dún sílẹ̀, irú Pagani. Ẹ́ńjìnnì ńlá tuntun ti di ti àwọn olówó tí a lè ka iye wọn. Tokunbọ̀ ló kù fún ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká mọ èyí tí a fẹ́ rà dunjú.

Ká kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ lé e, kò sí ìdúró. Tọ́bò ní láti kó atẹ́gùn jọ kó tó fún yín lágbára. Èyí kò ní ohun tó ń dúró dè. Láti ìsàlẹ̀ Mọ́kọ́lá lọ sókè, gíà kẹta ti tó, kò ní mí hẹlẹ. Ó ń yí dé 7,200, ohùn rẹ̀ sì ń yí padà bó ṣe ń gòkè: ó wúwo nísàlẹ̀ bí bẹ̀ǹbẹ́, ó ń mú bọ̀ láti 4,000 lọ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ní ìlú wa ni ooru. V8 lítà 4.0 tó rọ́pò rẹ̀ gbé tọ́bò méjèèjì sí àárín ẹsẹ̀ V, láàárín síléńdà ọ̀tún àti tòsì. Ó dára fún òpópónà Jámánì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iwo Road ní aago méjì ọ̀sán, ooru yẹn kò rí ibi lọ, rọ́bà àti ike tó yí i ká ló ń jìyà rẹ̀.

Epo ni ẹ ó kọ́kọ́ kérora sí. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 66. Nínú ìlú, lítà 20 ní kìlómítà 100 kò jẹ́ nǹkan fún un, ìyẹn kìlómítà 330 kí ẹ tó padà sí ilé epo. Epo oní 98 RON (òdiwọ̀n bí epo ṣe ń kojú nọ́kì) ni wọ́n ṣe é fún, èyí tó wọ́pọ̀ níbí kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ní etí tó ń gbọ́ nọ́kì, ìyẹn ìró epo tó ń jó lódì nínú síléńdà, yóò fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn láti dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ ó sì pàdánù lára agbára tí ẹ sanwó fún. Ẹ má gùn ún lójoojúmọ́ lọ sí Dùgbẹ̀. A kò lè sọ pé a fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ìlú wa ká tún máa fi lítà 6.2 dúró nínú gósílóò láràárọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wá dé. Bóòtù tó de tọ́ọ̀pù síléńdà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni àrùn ńlá M156. Ogún ni wọ́n, mẹ́wàá mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi sínú àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò lè fara da ìpẹtà. Orí rẹ̀ á gé kúrò láìròtẹ́lẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá ti gé, tọ́ọ̀pù kò tẹ gáskẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ mọ́, coolant, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, á máa jò sínú síléńdà. Omi kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí atẹ́gùn. Lọ́jọ́ tí ó bá pọ̀ níbẹ̀, tí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́, písítìnì á gbá a, kọ́nrọ́ọ̀dù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 2011 wọ́n ti yí bóòtù náà padà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi wádìí, ẹ má gbára lé ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò, nítorí mọ́tò lè jẹ́ 2012 kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti 2009 tí wọ́n pààrọ̀ sí i.

Níbí, àwa fúnra wa ń dá kún àrùn yìí. Bí ráàdíétọ̀ bá ti dín, mẹkáníìkì á bu omi kànga dà sí i. Omi yẹn ní iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀, ó ń jẹ irin, bóòtù tó ti fẹ́ pẹtà tẹ́lẹ̀ á tètè gbọ́ tirẹ̀. Coolant tí Mercedes fọwọ́ sí, pẹ̀lú omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀, ìdajì ìdajì, òun ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ìgò coolant tí ẹ rí omi tó ní àwọ̀ ìpẹtà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí iyókù mọ́tò náà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí mẹkáníìkì so pọ́ǹpù mọ́ ìgò coolant, kó fún un títí dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí, kó fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù náà bá wálẹ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ, inú ni omi ń lọ. Kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí wọ́n ti kámẹ́rà kékeré bọ inú síléńdà kọ̀ọ̀kan. Orí písítìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń dúdú. Èyí tó bá funfun tó ń dán láàárín wọn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ má rà á.

Bí kò bá tíì jò, tí bóòtù rẹ̀ sì jẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ṣì ṣeé gbà là. Wọ́n á tú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà àti kámṣáàtì, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, wọ́n á máa yọ bóòtù kan, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó kan òmíràn, tọ́ọ̀pù kò ní kúrò nípò. Tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, èyí tó ń wọn bí ìdè ṣe le tó, ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Nígbà tí kámṣáàtì bá ti wà nílẹ̀, ẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò, ife irin kékeré tó wà láàárín kámṣáàtì àti fáàfù. Méjìlélọ́gbọ̀n ni, orí wọn a máa jẹ, wọ́n a sì jẹ kámṣáàtì pẹ̀lú. Ariwo “tá-tá-tá” tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ni àmì rẹ̀. Àmì tó dájú jù wà nínú fítà ọ́ìlì. Ẹ yọ ọ́, ẹ ya bébà rẹ̀, ẹ na àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé ìròyìn, kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì gbá a. Tí ìyẹ̀fun irin bá lẹ̀ mọ́ ọn, tápẹ́ẹ̀tì ti ń jẹ. Ariwo “gara-gara” tó máa ń wà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ní òwúrọ̀, tó sì dákẹ́, yàtọ̀: àwọn ẹ̀rọ orí kámṣáàtì tó ń yí àkókò fáàfù padà ni ìyẹn, pín-ìnnì inú wọn ti jẹ. Òun náà ń fẹ́ owó, ṣùgbọ́n kò tíì ba kámṣáàtì jẹ́.

Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 0W-40 tó bá MB 229.5, òṣùwọ̀n Mercedes fún ọ́ìlì, mu, lítà mẹ́jọ àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ fi kìlómítà 8,000 ṣe òdiwọ̀n níbí, nítorí eruku àti gósílóò.

Ní ti ẹ̀yà ara, ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate ló sún mọ́ wa jù. Iná iwájú, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá ìsàlẹ̀, ẹ lè ra Belgium wọn níbẹ̀ kí ẹ sì ná an dáadáa. Bóòtù tọ́ọ̀pù, tápẹ́ẹ̀tì, gáskẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnnì síìtì, tuntun ni. Bóòtù tọ́ọ̀pù máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dè é, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá ní, “Alhaji, ẹ gba Belgium rẹ̀, òun náà ló bá mọ́tò dé láti òkè òkun,” ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́tò, ń bí wa nínú. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò yìí ni wọ́n ti gé e kúrò, yálà kí ohùn lè pọ̀ sí i tàbí kí wọ́n lè tà á nítorí irin olówó iyebíye inú rẹ̀. Òun ló ń sọ carbon monoxide àti epo tí kò jóná di ohun tí kò pa èèyàn. Ẹ́ńjìnnì lítà 6.2 tí kò ní catalyst, tó dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀, ìwà ìkà ni. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò kí ẹ wò ó. Páìpù tí wọ́n jó ní wẹ́dà láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá sì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n gé e, wọ́n ti bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé kí ni wọ́n tún yí padà níbẹ̀.

Kí ni ká sọ nípa ti 2022, C63 S E Performance? Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 6.1 kWh, 400 fóltì, 560 ni bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, lítà 14 omi ìtutù sì ń yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kìlómítà 13 péré ló lè fi iná lásán rìn, kò lè gbé yín dé Ọ̀yọ́, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù 2,111. Epo díẹ̀ tí wọ́n ní ó ń jẹ nínú ìdánwò dúró lórí pé kí ẹ máa fi í sí iná déédéé. Tí bátìrì bá ti ṣófo, ẹ ó rí iye tó ń jẹ gan-an. Wáyà rẹ̀ tó ní àwọ̀ ọsàn kì í ṣe ohun tí rewáyà ẹ̀bá ọ̀nà gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, 400 fóltì ń pa èèyàn. M156 ní àrùn, àmọ́ àrùn tí ọwọ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tò ní Ìbàdàn ni. Èyí tó dára tó sì ti ní bóòtù tuntun, a fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò ọjọ́ Sunday. Ti 2022, márùn-ún fún ẹni tó ń gbé ibí.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án láti alẹ́. Ẹ dé ní aago méje òwúrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tó ń tà á ti mú ọ́ìlì rẹ̀ gbóná kí ariwo má bàa jáde, ẹ ní ẹ ó padà lọ́la. Bí ó bá tutù, ẹ ṣàmì sí ibi tí coolant dé pẹ̀lú bírò, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́.