Ẹ̀rọ ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù NBA: ibi tó ti wúlò, àti ibi tí gbèdéke owó oṣù ti ju agbára rẹ̀ lọ

Bí ariwo bá ti ta pé ìràwọ̀ kan fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ baskẹ́ẹ̀tì l'Ájàṣẹ́, ní Kétu àti ní Sábẹ̀ẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í to agbábọ́ọ̀lù pọ̀: ẹ fún wọn lẹ́ni méjì, ẹ fi ọ̀dọ́ kan lé e, ó parí. Ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀: ó ń sọ bóyá òfin owó NBA gba ọjà náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ti ESPN ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Fanspo ní tirẹ̀, tó gba pé kí ẹ fi ẹ̀tọ́ dráfútì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ tuntun tó ń wọ NBA, kún ọjà. Spotrac ni a fi ń yẹ owó ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ti ẹgbẹ́ lápapọ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo la fi wọn ṣe fún àgbéyẹ̀wò yìí: kí ẹgbẹ́ kan gba ìràwọ̀ tí owó rẹ̀ wà ní góńgó. Ohun tí a rí ni pé ẹ̀rọ yìí dára gan-an fún ìṣirò, ṣùgbọ́n bó bá sọ pé ọjà ti ṣe, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Lílò rẹ̀ kò nira. Ẹ yan ẹgbẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó ń lọ, ẹ tọ́ka ibi tó ń lọ, ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ̀rọ fi ń dán an wò. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn sì lè dí ẹni tó kàwé ní Faransé lọ́wọ́, àmọ́ orúkọ ènìyàn àti iye owó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tábìlì owó fẹ̀ ju ojú fóònù lọ. Ẹ yí fóònù sí ìbú kí òpó apá ọ̀tún má bàa pamọ́ fún yín. Bí mẹ́gà yín kò bá pọ̀, ẹ ṣí ojú ewé Spotrac ti ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa fi ìwé àti kálámù ṣe ìyókù.

Kí ẹ tó tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ iye mẹ́rin sílẹ̀. Fún sáà 2025-26, gbèdéke owó oṣù, ìyẹn àpapọ̀ owó agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan fún gbogbo sáà, jẹ́ 154,647,000 dọ́là. Ẹgbẹ́ tó bá ná ju 187,895,000 lọ ń san owó ìtanràn. Lókè ìyẹn ni ìlà méjì wà tí wọ́n ń pè ní apron, tí òfin ìpààrọ̀ túbọ̀ ń le fún ẹgbẹ́ tó bá kọjá wọn: apron kìíní wà ní 195,945,000, apron kejì sì wà ní 207,824,000. Ẹgbẹ́ lè kọjá gbèdéke àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kọjá rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti kọjá rẹ̀ kò lè kàn na ọwọ́ gba ìràwọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kó owó oṣù tó bá a mu jáde. Apron méjèèjì ló ń sọ bí owó náà ṣe gbọ́dọ̀ bá a mu tó.

Ẹ jẹ́ ká fi Giannis Antetokounmpo ṣe é, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n bí sí Áténì. Owó rẹ̀ ní 2025-26 jẹ́ 54,126,450 dọ́là, bíi bílíọ̀nù 30 CFA. Ẹgbẹ́ tí kò ní kọjá apron kìíní lẹ́yìn ìpààrọ̀ lè gba ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kó jáde, pẹ̀lú 250,000 dọ́là lé e. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá kó bíi mílíọ̀nù 43.1 jáde, Giannis lè wọlé. Òfin yẹn wà fún owó tó bá ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 33 lọ. Láti mílíọ̀nù 8.3 títí dé ibẹ̀, iye tí ẹ kó jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù 8.527 ni, bí kò bá tó 8.3, ìlọ́po méjì pẹ̀lú 250,000 ni. Ẹgbẹ́ tó wà lókè apron kìíní kò ní àǹfààní kankan nínú wọ̀nyí. Dọ́là kan tó bá jáde, dọ́là kan ló lè wọlé. Fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 54.1 gbọ́dọ̀ jáde pérépéré. Mílíọ̀nù 11 ló wà láàárín méjèèjì, tó tó owó oṣù agbábọ́ọ̀lù gidi kan tàbí méjì.

Ibí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń wo ibi tí owó ẹgbẹ́ wà kí ìpààrọ̀ tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ń wò. Ẹgbẹ́ tó wà lókè apron lónìí lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ìpààrọ̀ kan náà bó bá kó owó jáde ju èyí tó gbà lọ, òfin tó rọjú náà á sì bá a. Ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, tó sì gba ju dọ́là kan fún dọ́là kan lọ, ti fi ara rẹ̀ há: títí sáà náà á fi parí, kò gbọ́dọ̀ tún ná kọjá apron kìíní rárá, kódà bó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù owó kékeré ló fẹ́ fi dípò ẹni tó fara pa. Ẹ̀rọ á ní ọjà ti ṣe. Ó di dandan kí ẹ fúnra yín ṣírò iye tó kù fún àwọn àyè tó ṣófo nínú ẹgbẹ́.

Ìdánwò tó fi ojúlówó ẹ̀rọ hàn ni ti New York Knicks ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2025-26. Karl-Anthony Towns ń gba 53,142,264 dọ́là. Ẹ fi í sí ọ̀nà Milwaukee, ẹgbẹ́ Giannis nígbà náà, kí ẹ gba Giannis. Lójú, iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀rọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, nítorí Knicks wà lókè apron kìíní, owó tó ń wọlé sì fi 984,186 ju èyí tó ń jáde lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíì lé Towns, ẹni tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán. Ìdènà kejì tún dé: Knicks ti lo irú àyè àkànṣe kan tí òfin fún ẹgbẹ́ láti fi gba agbábọ́ọ̀lù tuntun, èyí tó sọ apron kejì di odi fún wọn ní gbogbo sáà náà, ohun tó sì kù kí wọ́n kan odi náà kò tó 200,000 dọ́là. Bí wọ́n bá kó ẹni méjì jáde gba ẹnì kan, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi dí àyè tó ṣófo gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀nba tó kù. Ẹ̀rọ tó bá gba Towns nìkan fún Giannis láìsọ̀rọ̀, ẹ pa á tì.

Ẹ tún dán Cleveland wò. Àwọn nìkan ló wà lókè apron kejì nígbà tí sáà náà bẹ̀rẹ̀. Donovan Mitchell àti Evan Mobley ń gba 46,394,100 ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó jù wọ́n lọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá máa wà lókè apron kejì lẹ́yìn ìpààrọ̀ kò gbọ́dọ̀ da owó ènìyàn méjì pọ̀ láti fi gba ẹnì kan, kò sì gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ kún ọjà. Láìsí ẹni tó ń gba mílíọ̀nù 54.1, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ apron kejì nínú ọjà náà, tàbí kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ bá kọ sísàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ kà níbí. Bó bá kàn ní owó kò bára mu, tí kò sọ̀rọ̀ dída owó ènìyàn méjì pọ̀, a jẹ́ pé òfin àtijọ́ ló ń lò.

Àwọn ohun míì wà tí ìṣirò kò lè gbé. Ìfọwọ́sí agbábọ́ọ̀lù ni èkíní. Ní Phoenix, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Bradley Beal ń gba mílíọ̀nù 50.2, Jimmy Butler sì ń gba 48.8 ní Miami. Phoenix wà lókè apron kejì, wọn kò lè da ẹni méjì pọ̀, ṣùgbọ́n ní ti Phoenix, Beal nìkan fún Butler bá òfin owó mu. Ọjà náà kò wáyé: àdéhùn Beal fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpààrọ̀ èyíkéyìí, àdéhùn rẹ̀ sì tóbi débi pé ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbé e kò wọ́pọ̀. Butler gba Golden State lọ ní oṣù kejì. LeBron James náà ní irú ẹ̀tọ́ yẹn nínú àdéhùn tó fọwọ́ sí ní 2024.

Owó ìṣípò ni èkejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní i nínú àdéhùn pé bí wọ́n bá pààrọ̀ wọn, owó wọn á fi tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, bí kò bá ti kọjá góńgó tí òfin gbà fún wọn. Nígbà tí Luka Dončić lọ sí Los Angeles ní oṣù kejì 2025, Anthony Davis, tó lọ sí Dallas, jọ̀wọ́ owó ìṣípò tirẹ̀, bíi mílíọ̀nù 5.9, èyí sì fún Dallas láyè lábẹ́ apron kìíní. Kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ pé ẹnì kan á jọ̀wọ́ owó rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí lójú ewé àdéhùn ìràwọ̀ náà kí ẹ tó gba ìdáhùn kankan gbọ́.

Ọjọ́ ìpààrọ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn nígbà ẹ̀rùn kò ṣeé pààrọ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, àwọn míì títí di ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Ọ̀dọ́ tó ti fọwọ́ sí àfikún àdéhùn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò méjì: owó rẹ̀ ti lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ tó ń kó o jáde ń kà, ìpíndọ́gba gbogbo ọdún tó kù ni ti ẹgbẹ́ tó ń gbà á. Èyí ló ń ba ọjà tó dà bí ẹni pé ó gún jẹ́.

Ní ti dráfútì, ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ta ẹ̀tọ́ ìpele kìíní débi tí ọdún méjì tó tẹ̀léra níwájú á fi ṣófo, kò sì lè ta ju ọdún méje síwájú lọ. Níye ènìyàn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òpin fún àdéhùn tó pé. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn rẹ̀ kò bá sì tó mẹ́rìnlá ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un ṣe.

Bí a bá fẹ́ fi máàkì fún wọn, ẹ̀rọ ìpààrọ̀ lásán gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi tábìlì owó Spotrac kún un, ó di mẹ́jọ. Ẹni tó ń kọ́ òfin yìí kò lè rí olùkọ́ tó yá ju èyí lọ, torí gbogbo ìgbà tó bá kọ̀ ló ń kọ́ yín ní nǹkan.

Ẹ máa yẹ ọdún tó wà lókè ojú ewé wò. Gbogbo iye wọ̀nyí ń yí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje lọ́dọọdún, nígbà míì tìrìgàngàn. Ní 2016, gbèdéke fò láti mílíọ̀nù 70 sí 94.1, ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an sì ni Ian Mahinmi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, gba àdéhùn ọdún mẹ́rin fún mílíọ̀nù 64 ní Washington. Ní sáà 2025-26, ìpààrọ̀ parí ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2026, aago mẹ́ta ọ̀sán ní New York, tó jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ l'Ájàṣẹ́. Ẹ̀rọ á ṣì máa gba ọjà lẹ́yìn aago yẹn, ṣùgbọ́n NBA kò ní gbà á mọ́.