Ilé omi onígéètì àwọ̀ ewé ní Tanke: omi wọn dára, ìwé wọn ni mi ò fọwọ́ sí

Ilé omi kan wà ní Tanke Òkè-Odò, ní Ìlọrin, tí wọ́n kun géètì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra omi ọ̀rá láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, tí mo bá sì ní ìnáwó, ìsọmọlórúkọ ni o, wòlímọ̀ ni o, ibẹ̀ náà ni mò ń ránṣẹ́ sí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í tètè yin olómi. Iṣẹ́ wọlé-wọlé ni mo fi jẹun. Inú àmù onílé àti ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo fi ojú mi gbó sí ní ìjọba ìbílẹ̀. Títí di òní, Ìyá Wọlé-wọlé ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, àwọn kan sì ṣì máa ń sáré bo ìkòkò omi bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti omi náà. Kò ní òórùn ọ̀rá. Omi tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn lórí ọkọ̀ máa ń ní òórùn yẹn, ẹnu á ti mọ̀ kó tó dé ọ̀fun. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ọ̀rá pọ̀ le dáadáa, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò ní jò. Nọ́ńbà NAFDAC hàn ketekete lára rẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́ náà wà níbẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kì í sì í ra mọ́ni lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn ni pé wọ́n jẹ́ kí n wọlé wo ibi iṣẹ́. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tú ike asẹ́ níṣojú mi. Funfun ni wọ́n fi èyí tuntun síbẹ̀, èyí tó yọ jáde ti pọ́n bí omi àgbo. Ó ní inú kànga ẹ̀rọ làwọn ti ń fa omi ọ̀hún, bó tiẹ̀ mọ́ gaara lójú, ohun tí asẹ́ ń mú nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín kànga náà àti sọ́kàwé wọn, torí iṣẹ́ àtijọ́ kì í kúrò lára, ó ju mítà 30 tí wọ́n kọ́ wa lọ dáadáa. Èsì àyẹ̀wò wà lára ògiri, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí omi má bà á jẹ́: kòkòrò E. coli, èyí tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, òdo nínú mílílítà 100. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa fún omi mímu, NIS 554, kò gba ẹyọ kan láyè.

Àléébù wọn ni pé oníkẹ̀kẹ́ tó ń kó omi wá sílé máa ń ju báàgì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Mo ti bá a wí títí, ó máa ń dọ̀bálẹ̀, á tún ṣe é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kàn múra láti tò sórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni ìwé kan tí wọ́n gbé sórí káńtà. Wọ́n ń fi bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n tún òfin ṣe, kí olómi tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa tà, láìsí àyẹ̀wò, láìsí ẹni tó ń bẹ ibi iṣẹ́ wò. Ọmọbìnrin tó ń gbowó na bírò sí mi.

“Ìyá, ẹ bá wa buwọ́ lù ú mà. Wọ́n ní owó omi á wálẹ̀.”

Mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀.

“Alhaji, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí wọ́n má yẹ omi yín wò mọ́ ni?”

“Alhaja, ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Owó àyẹ̀wò, owó dísù, owó asẹ́, owó ọ̀rá. Kí ló kù tá a fẹ́ jẹ?”

“Owó àyẹ̀wò yẹn ló ń gbé mi wá síbí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi le. Kò parọ́ o. Owó dísù le, àìmọye ìwé ni wọ́n sì ń dà rú olómi kékeré lójú. Tí wọ́n bá dín owó àyẹ̀wò kù, tí wọ́n sì mú yàrá àyẹ̀wò sún mọ́ wọn, èmi ni màá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kí wọ́n mú àyẹ̀wò kúrò pátápátá? Rárá o.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ sòbìà. Omi odò tí èèyàn mu ló ń gbé e wọlé, á sì tó bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ lẹ́sẹ̀, gígùn gbọọrọ, tí wọ́n á máa fi igi wé e díẹ̀díẹ̀. Mo rí i ní àwọn abúlé Kwara yìí, àgbẹ̀ á jókòó sílé nígbà tí iṣu rẹ̀ ń bàjẹ́ lóko. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Wọ́n pín aṣọ asẹ́, wọ́n da oògùn Abate sínú odò, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, Ọ̀gágun Gowon pàápàá rìn káàkiri abúlé lórí ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ odò. Ọdún 2008 la rí èyí tó kẹ́yìn, ọdún 2013 sì ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ṣíṣọ́ omi lójú méjèèjì ló jẹ́ kó tán.

Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Cleveland, ní Ohio, l'Amẹ́ríkà. Odò kan wà níbẹ̀, Cuyahoga, tí epo àti pàǹtí ilé iṣẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé ó gbiná lọ́dún 1969. Odò o! Wọ́n wá ṣe òfin omi tó múná lọ́dún 1972, ẹja sì ti padà sínú odò náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní àbàtà tí omi ojú rẹ̀ kò bá so mọ́ odò tààrà kò sí lábẹ́ ààbò òfin yẹn mọ́. Àwọn aṣòfin kan sì tún fẹ́ gé e kù sí i. Nígbà tó ń kà á fún mi lórí fóònù, ẹ̀rín ló pa mí. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́: àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ó kàn takété ni. Ẹ lọ sí etí odò Asà níbi tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, kí ẹ wo bí omi gọ́tà ìlú ṣe ń ṣàn gba inú àbàtà bọ́ sódò. Kànga àwọn tó wà nítòsí ńkọ́?

Abala 20 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ wa. Orí Kejì ló wà, èèyàn kò sì lè torí rẹ̀ nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Àwọn òfin wẹ́wẹ́ yìí ló kù fún wa, nọ́ńbà ara ọ̀rá, àyẹ̀wò, wọlé-wọlé. Àwọn ni ìwé orí káńtà yẹn fẹ́ fà ya.

Mi ò buwọ́ lù ú. Mo gba bébà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn, mo kọ tèmi sí i: kí àyẹ̀wò wà, kí owó rẹ̀ wálẹ̀, kí èsì rẹ̀ máa wà lára ògiri olómi gbogbo. Mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Alhaji kò ní kí n gbé e kúrò, mo sì gba ti ọkùnrin náà fún ìyẹn. Nígbà tí mo tún débẹ̀, àwọn mélòó kan ti buwọ́ lu tèmi, ọmọbìnrin tó ń gbowó wà nínú wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ tètè lọ, wọ́n máa ń ti géètì kí wọ́n tó lọ kírun. Ẹ sì bá mi sọ fún oníkẹ̀kẹ́ yẹn kó wá nǹkan tẹ́ sílẹ̀ kó tó já báàgì.