Ilẹ̀dú inú àpò tí mo fi gbin lẹ́funlósùn àti ewùrà ní Àjàṣẹ́

Ìdí òdòdó lẹ́funlósùn mọ́kànlá ni mo kó sínú ilẹ̀dú tí wọ́n ń tà nínú àpò yìí ní ìparí oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Mẹ́rin péré ló hù. Síbẹ̀, mo tún padà lọ ra àpò méjì sí i ní oṣù karùn-ún, owó ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò sì dùn mí.

Àgbàlá ilé tí mò ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) kò ní ilẹ̀. Onílé ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo rẹ̀ títí dé ìdí kànga. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ gbìn, inú ìkòkò, garawa tó ti lu tàbí àpò ìrẹsì ni yóò wà. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, kò sẹ́ni tí í san owó kó tó bu ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ra ilẹ̀ ní 2,500 CFA, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Apá ibo ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ní 2,500? Ṣé wọn kò tíì lù ọ́ ní jìbìtì báyìí?" Ó pẹ́ kó tó yé e pé èyí tí a ń bù sínú ìkòkò ni mò ń sọ.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Kílò 25 ni wọ́n kọ sí ara àpò, wọ́n sì kọ ọ́ lédè Faransé pé ó dára fún gbogbo irúgbìn. Ọ̀rọ̀ "gbogbo" yẹn ni mo ní láti bá wọn jà lé lórí.

Ọjọ́ tí mo tú u, ó dúdú, ó sì wu ojú. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Òórùn ìtọ̀ ta sí mi nímú. Mo fi ìka tú u wò: èérún pákó, ìgbẹ́ adìẹ, àti ìyẹ́ adìẹ kan tó ṣì funfun báláú. Ilẹ̀ tí ìyẹ́ kò tíì jẹrà nínú rẹ̀, kò tíì di ilẹ̀. Mo rí i, mo sì tún gbìn sínú rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ lẹ́funlósùn, òun ni òdòdó tí ewé rẹ̀ dà bí ti kókò, tí funfun àti pupa wà lójú ewé bí ẹni tó fi ẹfun àti osùn kùn ún. Ewé rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ máa ń yún ènìyàn lẹ́nu gan-an, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé àti ewúrẹ́. Àwọn irúgbìn tó ń fi oúnjẹ pamọ́ sí ìdí báyìí, òun àti iṣu àti kókò, ti ní àká tiwọn nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó hu ewé, omi tí wọ́n nílò kò pọ̀. Èmi ń bu omi sí i láràárọ̀ bí ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan. Mo wú ọ̀kan wò, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ó sì ń rùn. Méje ló rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti yà mí lẹ́nu ni pé inú ìkòkò amọ̀ tí mo rà lọ́jà Àjàrà ni mẹ́rin tó hù yẹn wà, inú ìkòkò rọ́bà sì ni méje tó jẹrà. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Amọ̀ máa ń jẹ́ kí omi gba ara rẹ̀ jáde. Ihò ìdí nìkan ni rọ́bà ní.

Mo sì ti to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí àwọn ìkòkò rọ́bà yẹn o, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Òkúta yẹn ló tún dá kún un. Ẹ mú fóòmù tí ẹ fi ń fọ abọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ gbé e sórí ọwọ́ ní ìbú títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ wá gbé e dúró lóòró: omi yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Omi kì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sórí òkúta àfi tí ilẹ̀ bá ti mu ún yó, nítorí náà òkúta kàn gbé ẹrẹ̀ sún mọ́ ìdí irúgbìn ni. Ìkòkò tó ga tó sì lu dáadáa sàn ju òkúta lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá tó tà á fún mi. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, ìyá. Ilẹ̀ yín ti pa lẹ́funlósùn méje fún mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣé o máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni? O ò jẹ́ kó sinmi." Kí ló dé tí wọn kò kọ ìyẹn sára àpò?

Lẹ́yìn náà mo da àpò méjì tuntun sórí ọ̀rá lábẹ́ òjìji. Mò ń fi omi wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń yí i po lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí tí kò fi gbóná mọ́ tí òórùn ìtọ̀ sì lọ. Mo wá po abọ́ méjì rẹ̀ mọ́ abọ́ kan iyanrìn odò tí kò kúnná (kì í ṣe ti òkun, iyọ̀ wà nínú ìyẹn) àti abọ́ kan èédú tí mo gún wẹ́wẹ́. Bí mo bá fún un lọ́wọ́, ó ń dì; bí mo bá fi ìka tọ́ ọ, ó ń tú. Lẹ́funlósùn mẹ́fà tí mo tún rà, gbogbo wọn hù, inú rọ́bà náà ni o.

Ewùrà ni mo gbìn sínú àpò ìrẹsì méjì. Mo fi eérú pa ojú ibi tí mo ti gé e, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì kí n tó bò ó. Ní oṣù kejìlá, ọ̀kan fún mi ní iṣu tó wọn kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Èkejì pín bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, bíbó rẹ̀ kò sì rọrùn rárá.

Àléébù ilẹ̀ yìí tí ìsinmi kò wò ni pé ó máa ń fà sísàlẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin ó ti fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sílẹ̀, orí iṣu sì fẹ́ yọ síta, mo ní láti bu òmíràn lé e. Ní oṣù kẹjọ tí òjò dáwọ́ dúró, ó gbẹ, ó sì yà kúrò lára ìkòkò, omi tí mo ń bù sí i kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ sálọ. Inú ọpọ́n omi ni mo ń gbé ìkòkò sí kó tó tún gbà á. Nípa kílò 25 yẹn, mo sá àpò kan gbẹ, mo tún un wọ̀n: 17 ni. Omi ni wọ́n ń tà fún wa níbẹ̀. Koríko kò hù nínú rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní ìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí gbọ́rọ̀, tó bá ti jẹ́ kó sinmi, kó rà á láì po nǹkan kan mọ́ ọn. Fún ohun tó ń ta ìdí, màákì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún un, ti èédú àti iyanrìn sì wà nínú mẹ́fà yẹn.

Báyìí tí ọyẹ́ ti dé, ewé lẹ́funlósùn ti wó. Mi ò bu omi sí i mọ́. Mo ti wú ìdí wọn, wọ́n wà nínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èérún pákó gbígbẹ títí òjò oṣù kẹrin. Ìyá mi ti ní kí n gbé àpò kan bọ̀ ní Kétu. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ilẹ̀ 2,500.