Jíìnsì tuntun àbí òkìríkà: èwo ni kí ọmọ Ìjẹ̀bú fowó rà?

Mi ò ní ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ṣòkòtò fún yín, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ aró ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, torí aró ló jẹ mí lówó.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí mo ra jíìnsì tuntun kan, ó rẹwà lójú, ó jin bí omi aró. Mo rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ gínì funfun tí rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa mú fún Ojúde Ọba. Ojúde Ọba sì rèé, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo padà sídìí báàfù, mi ò mọ èyí tó jẹ́ omi mọ́. Mo bu iyọ̀ sí i, kò gbọ́. Mo da bílíìṣì sí i, gínì wá di kàlákàlá. Mo tún òmíràn rà, télọ̀ sì gbowó ìkánjú lọ́wọ́ mi.

Àǹtí mi kan ní Ṣàgámù, tó ti rẹ aró rí, ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi í ra ojú rírán níbi itan ṣòkòtò náà, ó wá na ìka ọ̀hún sí mi. Ó ti dúdú. Ó ní, “Ṣé o kì í tọ́ gàrí wò kó o tó rà á ni?”

Aró ara jíìnsì kò ṣàjèjì sí wa. Oun kan náà ló wà nínú ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe àdìrẹ, àfi pé láti 1897 tí BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, ti ń ta àtọwọ́dá, ewé ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Kì í wọnú òwú dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn òwú ló ń dì mọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ ò bá fọ̀ kúrò, ẹ̀yin lẹ ó fọ̀ ọ́, kò sì sí iyọ̀ tó lè dè é mọ́lẹ̀.

Ti òkìríkà, ẹlòmíì ti bá yín fọ̀ ọ́. (Orúkọ ìlú kan létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers la fi ń pè é.) Èyí tí mo rà ní Òkè-Ajé ti pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi, kò tíì ba aṣọ kankan jẹ́.

Ká má parọ́, síìpù tuntun dára jù. Ìwọ̀n náà, tuntun ló borí; òkìríkà á dé ọ̀dọ̀ télọ̀ dandan. Òórùn káfúrà ara òkìríkà, omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì ló ń lé e. Ẹ na abẹ́ itan rẹ̀ sí oòrùn; bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ẹ dá a padà. Púpọ̀ nínú tuntun ayé ìsinsìnyí ní rọ́bà nínú, kò ní pẹ́ tí orúnkún fi máa yọ ikùn.

Ẹ fọwọ́ mi idẹ igun àpò náà. Jacob Davis, télọ̀ kan ní Reno ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ torí àpò àwọn alágbàṣe tó ń ya. Òun àti Levi Strauss, oníṣòwò tó ń ta aṣọ fún un, gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 20 May 1873. Bí idẹ bá ti ń yí lọ́wọ́ yín, tuntun ni o, òkìríkà ni o, ẹ fi sílẹ̀.

Ojú ayé ńkọ́? Aṣọ ọmọ ìta ni bàbá mi ń pè é. Ní Amẹ́ríkà gan-an, láwọn ọdún 1950, àwọn ilé ìwé kan ò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀ ọ́ wọlé. Lónìí àwọn àgbà ń gbé bùbá àdìrẹ lé e lọ sípàdé. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kí àna, ẹ ra tuntun. Èyí tó ti ṣí kò bójú mu níbẹ̀.

Méjèèjì ló ní olówó tirẹ̀. Tuntun wà fún ẹni tó ráyè rẹ ẹ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí kì í jókòó sórí àga funfun, tí rẹgbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì mú funfun lọ́dún yìí. Òkìríkà wà fún àwa yòókù.

Tuntun tèmi ṣì wà nílé. Òun ni mo fi ń nu ọ̀kadà, aró rẹ̀ ò sì tíì tán.